Ìdájọ́ Ọlọ́run, Ìgbàgbọ́ àti Iyèméjì: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn láti Àríwá Èkìtì dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Ọmọ Ìjọ Mọ́mọ́nì ní Nàìjíríà

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn méjì wò: ìtàn ìsọjí Aládùúrà tí ó gba ilẹ̀ Èkìtì kan ní 1930, àti ìtàn àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n gba ẹ̀sìn Mọ́mọ́nì gbọ́ kí ẹ̀sìn náà tó gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀ ní 1978. Nínú ìtàn kìn-ín-ní, àìsàn ni àwọn ènìyàn pè ní ìdájọ́ Ọlọ́run. Nínú èkejì, àwọ̀ dúdú ni. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé iyèméjì kì í ṣe ọ̀tá ìgbàgbọ́ ní gbogbo ìgbà. Nínú ìtàn méjèèjì, iyèméjì àwọn olóòótọ́ ènìyàn wà lára ohun tí ó ya èrò ọmọ aráyé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n ní Ọlọ́run sọ.

Ìfáárà

Bí ikú òjijì bá wọ ilé kan ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó tàbí ìlú mìíràn ní àríwá Èkìtì, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn tí ó wá kí ẹbí: kí ni ó fà á? Ẹnìkan lè ní àrùn ni. Ẹlòmíràn lè ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ̀kẹta lè mi orí kí ó sì sọ pé Ọlọ́run kì í sùn, pé olóògbé tàbí òbí rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ìdáhùn kẹta yìí ni ó wúwo jù, nítorí pé ó sọ ọ̀fọ̀ di ẹ̀bi. Ẹni tí ó ń sunkún ọmọ rẹ̀ di ẹni tí ó ń jẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ Áńgílíkà, ọmọ Kátólíìkì, ọmọ Aládùúrà, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ oníṣẹ̀ṣe ni ó ń jókòó sórí ìjókòó kan náà nínú kíláàsì. Bí olùkọ́ kò bá mọ bí èrò nípa ìdájọ́ ṣe wọlé àti bí ó ṣe ń yí padà, ó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo dá ọgbẹ́ tí kò ní jinná sí ọmọ aláìsàn tàbí ọmọ òrukàn lára. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a tọ ipasẹ̀ ìtàn náà.

Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ tí Ó Ṣe Kókó

Inú "dá" àti "ẹjọ́" ni ọ̀rọ̀ náà "ìdájọ́" ti jáde. Kí ìdájọ́ tó wáyé, ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wà. Kí ẹjọ́ tó wà, olùfisùn àti olùjẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ wà. A sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Àwọn Yorùbá kò fi èyí ṣeré rárá. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ìlànà yìí kan náà ni wọ́n ń tẹ̀lé ní ààfin Ẹlẹ́kọ̀lé, Ọlọ́yẹ́ àti Olójùdó, tí ó fi dé ọ̀dọ̀ baálé nínú agboolé. Nígbà tí wọ́n bá sì ń pe Olódùmarè ní Ọba Adákẹ́dájọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Ó mọ inú ẹjọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sì yára sọ̀rọ̀. Ọmọ aráyé ni ó máa ń yára bá A sọ̀rọ̀.

"Ìgbàgbọ́" jáde láti inú "gbà" àti "gbọ́". Ẹni tí ó gbàgbọ́ ti gbọ́, ó sì ti gba ohun tí ó gbọ́. "Iyèméjì" ní tirẹ̀ jẹ́ "iyè" àti "méjì": ọkàn kan tí ó pín sí ọ̀nà méjì. Ẹni tí ó ń ṣiyèméjì kò tíì kọ̀, kò sì tíì gbà. Oríta ni ó dúró sí. Ó yẹ kí a rántí pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó dúró ní oríta ni ó ti ṣìnà. Ẹlòmíràn dúró kí ó má baà ṣìnà ni.

Ìdájọ́ nínú Èrò Àwọn Baba Ńlá

Kí ẹ̀sìn ìgbàlódé tó dé, ilẹ̀ Èkìtì ti mọ ìdájọ́ tí ó ti òkè wá. Ìrè-Èkìtì, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ lónìí, ni ìtàn so mọ́ Ògún. Irin Ògún ni ẹni tí wọ́n fura sí máa ń fi ahọ́n kàn láti búra, ìgbàgbọ́ sì ni pé ẹni tí ó bá búra èké kò ní rí ọdún dé. Ṣàngó ń fi ẹdùn ààrá bá olè àti òpùrọ́ wí. Ṣànpọ̀nná ń fi ìgbóná jẹ ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ẹ́ níyà. Lẹ́yìn ikú, ọ̀run rere wà fún ẹni rere, ọ̀run àpáàdì sì wà fún ìkà.

Ohun méjì ni ó yẹ ní àkíyèsí nínú èrò yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ìdájọ́ náà kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń lọ sọ́dọ̀ babaláwo, wọ́n a béèrè ohun tí ó fa wàhálà, wọ́n a rúbọ, wọ́n a sì tún ìwà ṣe. Èkejì ni pé àṣìṣe lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbóná ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù. Fún ìgbà pípẹ́, òkú ẹni tí ìgbóná pa kò ní ẹkún. Wọ́n gbà pé ọba ayé ni ó mú un lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára lé àrùn náà kúrò láyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ó ti parẹ́ pátápátá. Bí ó bá jẹ́ pé ìdájọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ìgbóná jẹ́ lóòótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ì bá ti parẹ́ láyé ní ọdún náà.

Lúkúlúkú àti Ìbẹ̀rẹ̀ Àwọn Aládùúrà

Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn ènìyàn pè ní lúkúlúkú jà káàkiri ayé, ó sì dé ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọba ti ṣọ́ọ̀ṣì pa ní ọ̀pọ̀ ibi kí àrùn má baà ràn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ Ìjọ Áńgílíkà kan tí J. B. Ṣàdáré ṣáájú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, dara pọ̀ mọ́ wọn. Òun náà ti ṣàìsàn, ó sì ń kéde pé Ọlọ́run yóò fi omi òjò àti àdúrà wo aláìsàn sàn. Báyìí ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1922 wọ́n yapa kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà lórí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti lílo oògùn. Wọ́n dara pọ̀ mọ́ ìjọ Faith Tabernacle tí ó wà ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ìjọ tí ó ń kọ́ni pé Ọlọ́run nìkan ni olùwòsàn, àti pé kí onígbàgbọ́ má ṣe fi ẹnu kan oògùn, ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe oògùn òyìnbó.

Ẹ̀kọ́ yìí tu ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú. Àwọn tí ìjọba kò kọ́ ilé-ìwòsàn fún rí i pé Ọlọ́run kò fi àwọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ìgbàgbọ́ bá ń wo àìsàn sàn, kí ni a óò sọ nípa ẹni tí kò sàn? Ìdáhùn tí ó wà nílẹ̀ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ níbì kan, tàbí pé ó ṣiyèméjì. Bí àìsàn tí ó ti jẹ́ ìyà ṣe di ẹ̀rí ẹ̀bi nìyẹn.

Ìsọjí 1930 ní Ilẹ̀ Èkìtì

Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí wọ́n bí ní 1904 ní Odò-Ọwá, kì í ṣe àlejò sí àríwá Èkìtì. Ìlú rẹ̀, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, kò jìnnà sí ààlà Èkìtì. Òṣìṣẹ́ tí ń wa ẹ̀rọ ńlá tí ó ń tẹ ojú ọ̀nà ni, ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba. Ní oṣù kẹwàá 1928, ẹ̀rọ náà dúró lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Níbẹ̀ ni ó ti sọ pé òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Ní oṣù keje 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń rọ́ wá láti Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Àkókó àti ibòmíràn, wọ́n gbé agolo àti ìgò omi lọ́wọ́ kí wòlíì lè gbàdúrà sí i. Láti ibẹ̀ ni Babalọlá ti lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí ọba ìlú ti gba ẹ̀sìn náà, ìsọjí sì tàn ká ilẹ̀ Èkìtì. Àwọn ènìyàn kó oògùn àti ère jáde, wọ́n dáná sun ún. Àwọn mìíràn jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni àwọn.

Ìròyìn náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó jẹ́ẹ́. Henry Dallimore, aṣáájú Ìjọ Áńgílíkà ní Adó-Èkìtì, ẹni tí ó dá iléèwé Christ's School sílẹ̀ ní 1933, kọ àpilẹ̀kọ lórí ìsọjí Aládùúrà ní Èkìtì ní 1931. Àwọn aláṣẹ amúnisìn ní tiwọn ń bẹ̀rù rògbòdìyàn. Ní 1932, wọ́n rán Babalọlá ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀sùn-àjẹ́-kanni.

Ẹ̀wọ̀n náà fi bí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ṣe le tó hàn. Lójú àwọn ọmọlẹ́yìn, inúnibíni ni. Lójú òfin, ẹni tí wọ́n pè ní àjẹ́ ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. A lè bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ńlá tí Babalọlá ṣe, títí ó fi kú ní 1959 tí wọ́n sì sin ín sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kí a sì tún béèrè pé: ìyá arúgbó tí wọ́n tọ́ka sí láàrin èrò, ta ni ó bá a rojọ́?

Ọ̀rọ̀ Kuníìnì

Kí 1930 tó dé, àjọṣe àwọn Aládùúrà yìí pẹ̀lú àwọn ará Philadelphia ti bàjẹ́. Ní 1931, àwọn aṣáájú Ìjọ Àpọ́sítélì láti Britain wá sí Nàìjíríà, wọ́n sì gba àwọn D. O. Ọdúbánjọ, I. B. Akínyẹlé, J. A. Babátọ́pẹ́ àti Babalọlá mọ́ra. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ìjọ fi ṣàkíyèsí pé àwọn òyìnbó ajíhìnrere ń lo kuníìnì nítorí ibà. Àwọn òyìnbó ṣàlàyé pé ìdènà ni kuníìnì, pé kì í ṣe pé àwọn kò gba Ọlọ́run gbọ́. Àlàyé yìí kò tẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà púpọ̀ lọ́rùn. Bí Ọlọ́run bá lè wò sàn, kí ni ó dé tí kò lè dènà?

Ìyapa dé láàrin 1939 sí 1941. Apá kan dúró ti àwọn ará Britain nínú Ìjọ Àpọ́sítélì. Apá kejì, tí Babalọlá, Akínyẹlé àti Ọdúbánjọ wà nínú rẹ̀, dá dúró. Orúkọ Christ Apostolic Church, C.A.C., sì wọ ìwé ìjọba ní 1943. Akínyẹlé yìí ni ó di Olúbàdàn ní 1955.

Ó rọrùn láti sọ lónìí pé àwọn tí ó lo kuníìnì ni ó gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí pátápátá. Àwọn tí ó kọ̀ ọ́ ń béèrè ìbéèrè tòótọ́: ṣé ohun tí a ń kọ́ ni ni a gbà gbọ́, tàbí ọ̀nà kan wà fún òyìnbó, ọ̀nà mìíràn sì wà fún ènìyàn dúdú? Iyèméjì wọn sí àwọn òyìnbó jẹ́ iyèméjì olóòótọ́. Àwọn òyìnbó náà sì ní iyèméjì tiwọn: wọn kò rí ibi tí Ọlọ́run ti ní kí ibà pa ènìyàn kí ó tó lè fi hàn pé òun gbàgbọ́. Ohun tí ó burú kì í ṣe iyèméjì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohun tí ó burú ni kí a yí padà sí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, kí a sọ fún un pé àìnígbàgbọ́ rẹ̀ ni ó pa á.

Ìjọ Mọ́mọ́nì: Nígbà tí Àwọ̀ Ara Di Ẹjọ́

Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Ìjọ Mọ́mọ́nì, bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1830 lábẹ́ Joseph Smith, ẹni tí ó tẹ Ìwé ti Mọ́mọ́nì jáde ní ọdún kan náà. Nígbà ayé rẹ̀, wọ́n fi àwọn ènìyàn dúdú díẹ̀ jẹ oyè-àlùfáà. Elijah Abel jẹ́ ọ̀kan, ní 1836. Ṣùgbọ́n ní 1852, Brigham Young tí ó gba ipò Smith kéde ní Utah pé ọkùnrin tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà kò lè gba oyè-àlùfáà. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé ègún Káínì wà lórí wọn. Àwọn mìíràn fi kún un lẹ́yìn náà pé ohun tí ọkàn wọn ṣe kí wọ́n tó wá sáyé ni ó fà á. Nínú ìjọ tí gbogbo ọkùnrin olóòótọ́ ti ń gba oyè-àlùfáà, ìkàléèwọ̀ náà lé ènìyàn dúdú, lọ́kùnrin lóbìnrin, kúrò nínú àwọn ètò tẹ́mpìlì tí ó ga jù. Ìdájọ́ tí kò ní ẹjọ́ ni èyí: kò sí olùjẹ́jọ́ tí wọ́n pè, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rántí pé òun dá.

Síbẹ̀, láti ìparí ẹ̀wádún 1950, lẹ́tà ń ti Nàìjíríà lọ sí Salt Lake City. Àwọn ènìyàn ní ìlà-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ti rí ìwé ìjọ náà kà, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì ń jọ́sìn lórúkọ rẹ̀ láìsí ẹni tí ó rì wọ́n bọmi. Ní 1961, LaMar Williams wá láti Utah láti fojú rí wọn. Ó sọ òtítọ́ ìkàléèwọ̀ náà fún wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò tìtorí rẹ̀ padà lẹ́yìn.

Ní 1963, nígbà tí ìjọ náà ń múra láti rán àwọn ajíhìnrere wá, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tí ó wà ní California, Ambrose Chukwu, kọ sínú ìwé ìròyìn Nigerian Outlook ní Enugu nípa ohun tí ìjọ náà ń kọ́ni lórí ènìyàn dúdú. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ó gba òmìnira kò lè gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láyè. Ìjọba kò fún àwọn ajíhìnrere ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Ogun abẹ́lé sì dé ní 1967.

Olùkọ́ iléèwé kan wà ní ilẹ̀ Ìgbò, Anthony Obinna, tí ó sọ pé òun lá àlá ní 1965, nínú èyí tí ẹnìkan ti fi ilé dídára kan han òun. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó rí àwòrán ilé náà nínú ìwé ìròyìn Reader's Digest. Tẹ́mpìlì Salt Lake ni. Ó kọ lẹ́tà. Èsì tí ó gbà ni pé kò sí ètò fún Nàìjíríà lákòókò náà. Ó tún kọ.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn ń ṣe iyèméjì tiwọn nínú ìwé. Ní 1973, Lester Bush, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ náà, tẹ ìwádìí ìtàn kan jáde tí ó fi hàn pé kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ọ̀dọ̀ Joseph Smith ni ìkàléèwọ̀ náà ti wá. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ tẹ́mpìlì sí São Paulo, kò ṣeé ṣe láti mọ ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti ẹni tí kò ní in. Ní oṣù kẹfà 1978, Ààrẹ Spencer W. Kimball kéde pé Ọlọ́run ti fi hàn pé kí gbogbo ọkùnrin tí ó yẹ gba oyè-àlùfáà láìwo ti ẹ̀yà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n ri Obinna àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bọmi. Ní 2005, wọ́n ya tẹ́mpìlì Aba sí mímọ́. Ní 2013, ìjọ náà gbé àlàyé jáde tí ó kọ èrò pé àwọ̀ dúdú jẹ́ àmì ègún tàbí ìbínú Ọlọ́run.

Ọdún mẹ́rìndínláàádóje ni ó wà láàrin 1852 sí 1978. Ẹni tí ó bá ṣiyèméjì sí ègún Káínì ní 1900 yóò dàbí aláìgbàgbọ́. Lójú ohun tí ìjọ náà fúnra rẹ̀ sọ ní 2013, òun ni ó tọ̀nà.

Àwọn Òkú tí Kò Gbọ́

Ìbéèrè kan wà tí ó so ìtàn méjèèjì pọ̀: ìdájọ́ àwọn baba ńlá. Nígbà tí àwọn oníwàásù wọ Èkìtì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ni pé ẹni tí ó kú láìgbọ́ ìhìnrere ti ṣègbé. Ẹ̀kọ́ yìí le fún àwọn tí ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, tí wọ́n gbà pé ẹni rere tí ó lọ kò lọ tán.

Ìdáhùn àwọn Mọ́mọ́nì yàtọ̀. Láti 1832 ni Joseph Smith ti kọ́ni pé lẹ́yìn ìdájọ́, ìjọba ògo mẹ́ta ni ó wà, tí ó dàbí oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀. Àwọn díẹ̀ péré ni kò ní ní ìpín níbẹ̀. Láti 1840, wọ́n ń ri alààyè bọmi nítorí òkú, kí ẹni tí kò gbọ́ láyé lè gbọ́ lọ́run, kí ó sì yàn fúnra rẹ̀ láti gbà tàbí láti kọ̀. Àwọn ìjọ Krístẹ́nì yòókù kò gba ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n sì ní ìdí tí ó múná dóko láti inú Bíbélì. Síbẹ̀, ó rọrùn láti rí ohun tí ó lè fa ènìyàn dúdú mọ́ra nínú rẹ̀: ó fún òkú ní àyè láti rojọ́. Ohun ìbànújẹ́ ni pé ìjọ tí ó ṣàánú òkú tó bẹ́ẹ̀ ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ alààyè fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ìtàn wọ̀nyí fi ohun mẹ́ta lé olùkọ́ lọ́wọ́. Èkínní, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní ìdájọ́ Ọlọ́run ni ohun kan, ó yẹ kí a béèrè bóyá a ti gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi. Èkejì, ó yẹ kí a wo ẹni tí ìdájọ́ náà ṣe láǹfààní. Ègún Káínì kò na àwọn tí ó kéde rẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹ̀kẹta, ó yẹ kí a ya Ọlọ́run sọ́tọ̀ kúrò lára agbẹnusọ Rẹ̀. Obinna kò ṣiyèméjì sí Ọlọ́run tí ó gbà pé Ó pe òun. Chukwu sì kọ̀ láti gba ohun tí àwọn ènìyàn sọ lórúkọ Rẹ̀. Láìsí irú sùúrù Obinna, kì bá sí ìjọ tí yóò gba àtúnṣe ní Nàìjíríà. Láìsí irú ìbéèrè Chukwu àti Bush, ó ṣòro láti rí ohun tí ì bá mú àtúnṣe wá.

A kò gbọ́dọ̀ sọ pé gbogbo iyèméjì ló dára. Iyèméjì tí kò wá ìdáhùn di ọ̀lẹ, èyí tí ó ń fi ẹ̀sìn ẹlòmíràn ṣẹ̀sín sì di ìgbéraga. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kọ́ ọmọ bí a ṣe ń béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde bá wà nínú kíláàsì, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀ ni, olùkọ́ ní láti mọ ohun tí yóò sọ. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ni, a ń bá a bí ọmọ ni, ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó-Èkìtì fún irú rẹ̀. Kò sí àdúrà tí èyí lòdì sí.

Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìgbóná, lúkúlúkú, ibà àti àwọ̀ dúdú ni àwọn ènìyàn ti pè ní ìdájọ́ Ọlọ́run ní ìgbà kan tàbí òmíràn, àti pé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rí tí ó dé lẹ́yìn kò gbè wọ́n. Ìgbàgbọ́ kò kú nítorí rẹ̀. Ìjọ C.A.C. gbilẹ̀, ó sì dá Yunifásítì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sílẹ̀ ní 2006 ní Ìkèjì-Arákejì, nítòsí ibi tí ẹ̀rọ ọ̀nà ti dúró ní 1928. Àwọn ọmọ Ìjọ Mọ́mọ́nì ní Nàìjíríà sì ti ju 200,000 lọ. Ohun tí ó yẹ kí ó kú ni àṣà kí a máa dá ẹjọ́ tí Ọba Adákẹ́dájọ́ kò tíì dá. Nígbà tí olùkọ́ bá wọ ilé ọ̀fọ̀ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó, kí ó kí ẹbí kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó sì fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún Ẹni tí ó ni ín.